Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ Ìsàlẹ̀ Ìgò

Aago mẹ́fà àárọ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá díẹ̀ nígbà tí àwòrán náà wọlé sórí fóònù mi. Mo ń múra láti kúrò nílé ní Kubwa kí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ ọ̀nà Abuja tó bẹ̀rẹ̀. Ìgò dígí kan ni mo rí, wọ́n gbé e kalẹ̀ sórí tábìlì lẹ́bàá fèrèsé. Omi apá òkè rẹ̀ mọ́ gaara, irin fèrèsé hàn kedere láti ẹ̀yìn rẹ̀. Nísàlẹ̀, nǹkan funfun kan tẹ́ pẹrẹsẹ, ó nípọn tó etí kọ́bọ̀ kan. Ọ̀rọ̀ méjì péré ni àbúrò mi obìnrin kọ sábẹ́ rẹ̀: "Ó tòrò."

Ilé ológì la ti dàgbà, èmi àti òun. Ó lé ní ọgbọ̀n ọdún tí Màámi fi ta ògì ní Sábóńgàrí ní Zaria, níbi tí àwọn òbí wa ṣí lọ láti Kabba. Lálẹ́, a ó sẹ́ ògì sínú ike ńlá. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ó ti tòrò, omidùn lékè, ògì wà nísàlẹ̀. Ohun ayọ̀ ni títòrò yẹn nílé wa, òun ló ń jẹ́ ká rí ògì kó sínú ọ̀rá fún oníbàárà. Ṣùgbọ́n nínú ìgò àbúrò mi, iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta ló rì sísàlẹ̀ yẹn.

Ilé ẹ̀kọ́ gíga kan ní Òkè Ọya ló ti ń kàwé gboyè kejì. Ó fẹ́ mú afẹ́fẹ́ tí wọ́n ń pè ní kábọ́ọ̀nù dáyọ́kísáídì (CO2 ni n ó máa pè é) kí ó tó ti ẹnu ihò èéfín ilé iṣẹ́ jáde. Kẹ́mísírì ni èmi náà ń kọ́ àwọn ọmọ ní girama, nítorí náà a máa ń sọ ọ́ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Mo fẹ́ sọ ọ́ níbí lọ́nà tí Màámi náà fi gbọ́ ọ.

CO2 kì í ṣe àjèjì sí ẹnikẹ́ni. Òun là ń mí síta. Tí mo bá fẹ́ fi hàn àwọn ọmọ kíláàsì mi, mo máa ń po láìmù díẹ̀ (ìyẹ̀fun òkúta ẹfun tí wọ́n ti sun, kì í ṣe ọsàn) mọ́ omi, n ó sẹ́ ẹ títí yóò fi mọ́, n ó wá ní kí ọmọ kan fi sítírọ́ọ̀ fẹ́ èémí sínú rẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Láìpẹ́, omi náà á funfun bí omi tí a fi fọ igbá ògì. Òkúta ẹfun ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dá nínú ife yẹn, lójú wọn. Joseph Black ti Scotland ti mọ èyí láti nǹkan bí ọdún 1755. Ó rí i pé afẹ́fẹ́ kan wà tí òkúta ẹfun dè mọ́ra, tí iná lè tú sílẹ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ lónìí wà nínú dídè àti títú yẹn.

Ẹ jẹ́ kí n yà síbì kan ná, nítorí ẹ̀mí ni. Èéfín jẹnẹrétọ̀ tó ń pa ìdílé mọ́jú nínú yàrá tí a pa dé, orúkọ apààyàn inú rẹ̀ ni kábọ́ọ̀nù mọnọ́kísáídì. Kò lóòórùn, ẹ̀jẹ̀ ló ń wọ̀, á sì gba ipò ọ́síjìn níbẹ̀. Ọ̀tọ̀ ni òun, ọ̀tọ̀ ni CO2. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́nu ọ̀nà tàbí sábẹ́ fèrèsé, bó ti wù kí ìbẹ̀rù olè pọ̀ tó.

CO2 ní tirẹ̀, pípọ̀ rẹ̀ ni wàhálà. Ní ọdún 1958, Charles David Keeling bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii. Nínú mílíọ̀nù kan ẹyọ afẹ́fẹ́, nǹkan bí 315 ló jẹ́ CO2 nígbà náà. Ó ti lé ní 420 báyìí. Kí aráyé tó máa fi èédú yí ẹ̀rọ, nǹkan bí 280 ni. Iye náà kéré létí, ṣùgbọ́n ó ń ṣe bí kíjìpá tí a dà bo ẹni tó sùn: oòrùn ń rí ọ̀nà wọlé, ooru ilẹ̀ kò rí ọ̀nà jáde tán. Svante Arrhenius ti Sweden ti ṣírò rẹ̀ láti 1896. Ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 2022, omi kún bo títì láàárín Lokoja sí Kotonkarfe, tánkà epo kò lè kọjá, ìlà ilé epo ní Abuja sì gùn dé òpópónà kejì. N kò ní dá CO2 nìkan lẹ́bi omi yẹn. Ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó bá gbóná a máa ru omi ju tàtẹ̀yìnwá lọ, ibi tó bá sì sọ ẹrù rẹ̀ sí, a máa rí i.

Bí a bá ń lọ sílé fún Kérésìmesì, a máa ń kọjá Obajana, níbi tí ilé iṣẹ́ símẹ́ǹtì ńlá wà. Láti ọ̀nà jíjìn la ti ń rí àwọn ilé gogoro rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti kọ́kọ́ yé mi dáadáa. Ọ̀pọ̀ wa rò pé iná tí wọ́n fi ń sun òkúta nìkan ló ń mú CO2 wá níbi tí wọ́n ti ń ṣe símẹ́ǹtì. Inú òkúta fúnra rẹ̀ ni èyí tó pọ̀ jù ti ń jáde. Sun 100 kìlógíráàmù òkúta ẹfun tó mọ́, 56 ni wàá rí kó nílẹ̀. 44 ti bá afẹ́fẹ́ lọ. Bí oòrùn nìkan lo bá fi sun ún, 44 yẹn á ṣì jáde. Mo ti gbé sólà sórí òrùlé mi, mo sì ń gba gbogbo ẹni tó bá lágbára nímọ̀ràn pé kó ṣe bẹ́ẹ̀, àmọ́ kò sí sólà tó lè pàrọwà fún òkúta. Abuja ṣì ń kọ́lé lójoojúmọ́, àwọn tó ń wá ilé pọ̀, kò sì sẹ́ni tó lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n má kọ́ ọ. Ó ku ká dúró dè é lẹ́nu ihò èéfín. Ní Brevik, ní Norway, wọ́n ṣí ẹ̀rọ kan sí ẹ̀gbẹ́ ilé iṣẹ́ símẹ́ǹtì ní 2025, èyí tí wọ́n ṣe láti máa mú 400,000 tọ́ọ̀nù CO2 lọ́dún.

Ọ̀nà mímú un kì í ṣe tuntun. Láti 1930 ni R. R. Bottoms ti gba ìwé àṣẹ oníhùmọ̀ lé e lórí ní Amẹ́ríkà. Wọ́n á jẹ́ kí èéfín gòkè gba inú ilé gíga kan, wọ́n á máa da omi tí wọ́n po ámáìnì mọ́ láti òkè wá pàdé rẹ̀. Ìbátan ammonia ni ámáìnì, òórùn rẹ̀ dà bí ti ẹja tó ti fẹ́ bàjẹ́. Nígbà tí omi náà bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ní nǹkan bí ìwọ̀n ooru 40, á gbá CO2 mú. Wọ́n á fà á lọ sí ilé kejì, wọ́n á sè é títí dé nǹkan bí 120, á tú CO2 sílẹ̀, wọ́n á sì dá omi náà padà pé kó lọ mú òmíràn wá.

Sísè yẹn ló ń jẹ owó. Omi láìmù inú kíláàsì mi di CO2 mú ju ámáìnì lọ fíìfíì. Ó dì í mú débi pé bó o bá fẹ́ gbà á padà, àfi iná tí wọ́n fi ń sun símẹ́ǹtì. Kí la fẹ́ fi ìdìmú bẹ́ẹ̀ ṣe? Ọwọ́ tí a nílò ni ọwọ́ tó ń mú kíákíá, tó sì ń tú sílẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá wá fi ẹ̀rọ tuntun kan yangàn pé ó ń mú CO2, ìbéèrè tí èmi máa kọ́kọ́ bi í nìyí: báwo ló ṣe ń tú u sílẹ̀, iná mélòó ló sì máa jẹ kó tó tú u?

Ibi yíyára mú ni iṣẹ́ àbúrò mi bọ́ sí. Ó ń da èérún sílíkà sínú omi ámáìnì. Ohun kan náà tó wà nínú yanrìn odò ni sílíkà, ṣùgbọ́n èérún tirẹ̀ kọ̀ọ̀kan kò ju 20 náánòmítà lọ, bẹ́ẹ̀ ni ẹyọ irun orí kan fẹ̀ tó nǹkan bí 80,000 náánòmítà. Ààbọ̀ gíráàmù ló ń dà sínú lítà kan. Irú omi eléèérún báyìí ni Stephen Choi sọ ní nanofluid ní 1995, ní ilé ìwádìí Argonne ní Amẹ́ríkà. Bí omi ṣe lè gbé ooru dáadáa ni òun ń wá nígbà náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ làwọn mìíràn rí i pé ó wúlò fún afẹ́fẹ́.

Kí ni yanrìn wá ṣe níbẹ̀? Ọjà Wuse ló ti là á yé mi, nígbà tó wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi. Tírélà iṣu kan ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, àwọn alábàárù kò tíì pé. Iṣu kún ẹnu géètì, èèyàn kò rọ́nà kọjá, àwọn obìnrin tó ni ìsọ̀ nínú lọ́hùn-ún sì ń dúró de ọjà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ẹnu géètì yẹn. Bí CO2 ṣe ń ṣe lójú omi nìyẹn. Ojú omi á kún, inú omi á ṣì wà lófo." Èérún sílíkà ni alábàárù. Yóò lọ sójú omi, CO2 á lẹ̀ mọ́ ọn lára, yóò gbé e wọnú lọ, á sọ ọ́ kalẹ̀, á padà wá gbé òmíràn. Ó tún ní wọn kì í dúró lójú kan. Robert Brown ti rí èyí ní 1827 nígbà tó ń wo èérún inú àtíkè òdòdó lójú omi nínú mákíróskóòpù: wọ́n ń jó ṣáá láìsí ẹni tó ń tì wọ́n. Ijó yẹn ń ro omi díẹ̀díẹ̀. Níbi tí afẹ́fẹ́ bá sì ti ń hó gba inú omi kọjá, èérún náà kì í jẹ́ kí ìfófó kéékèèké so pọ̀ di ńlá. Àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lórí èyí tó ṣe gúnmọ́ jù nínú gbogbo rẹ̀. Ohun tí wọn kò jiyàn lé ni pé àpọ̀jù kò dára: bí èérún bá pọ̀ ju bó ti yẹ lọ, omi á ki, àǹfààní á bẹ̀rẹ̀ sí í dín kù.

Wọ́n tún máa ń wá ara wọn kiri. Èyí ló mú wa padà sí ìgò òwúrọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ọ̀dọ̀ mi ni Màámi ń gbé báyìí. Mo gbé fóònù fún un kí n tó jáde. Ó nà án jìnnà sójú, ó wò ó pẹ́, ó ní kí n pe àbúrò mi.

"Ṣé o rò ó kó o tó sùn?"

"Mo rò ó, mà. Ẹ̀rọ ni mo fi rò ó, fún wákàtí kan."

"Ògì tó ò bá fẹ́ kó tòrò, gbé e kaná. Bó bá ti di ẹ̀kọ, kò ní tòrò mọ́."

Mo rò pé àbúrò mi á rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Òtítọ́ lẹ sọ, Màámi. Àwọn kan ti gbìyànjú kí omi náà ki díẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá ki, afẹ́fẹ́ ò ní ráyè wọnú ẹ̀, ẹ̀rọ tó ń fà á á sì máa fi agbára ṣe é."

Màámi dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Èyí tí wọ́n bá lọ̀ kúnná dáadáa máa ń pẹ́ kó tó tòrò. Àwọn tìẹ yìí, ṣé wọ́n kúnná, àbí wọ́n ti dì?"

Ìbéèrè yẹn ni gbogbo iṣẹ́ náà. Èérún kan ṣoṣo kéré débi pé ijó Brown lè gbé e ró sínú omi fún ìgbà pípẹ́. Ṣùgbọ́n tí mẹ́wàá bá dì mọ́ra, tí mẹ́wàá yẹn pàdé ọgọ́rùn-ún, wọ́n ti wúwo, wọ́n á rì. Oògùn rẹ̀ ni kí èérún kọ̀ọ̀kan ní irú agbára iná kan náà lára, kí wọ́n máa ti ara wọn sẹ́yìn bí ojú kan náà màgínẹ́ẹ̀tì méjì ṣe ń ti ara wọn. Bí omi náà bá ṣe kan tó ló ń darí èyí, ámáìnì sì ní bó ṣe ń bá a ṣeré. Àbúrò mi ti ń yí i padà láti oṣù mélòó kan.

Ẹ̀rọ tó fi ń tú wọn ká ń fi ìró tí etí kò lè gbọ́ gbọn omi. Wákàtí méjì ló yẹ kó fi ṣiṣẹ́ láìdúró. Ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú àwòrán yẹn, iná lọ nígbà tó ku wákàtí kan. Wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, kò pẹ́ tí epo fi tán. Ìwé kan wà tó ń kọ irú rẹ̀ sí: iye wákàtí, iye lítà. Lítà epo bẹntiróòlù kan ń di nǹkan bí kìlógíráàmù 2.3 CO2 bó bá jó tán, ó sì ń ṣírò gbogbo rẹ̀ mọ́ ohun tí ìgò rẹ̀ mú. Kò sẹ́ni tó ní kó ṣe é. Ó ní òun kò lè sọ pé òun mú gíráàmù kan láìsọ ohun tí òun sun láti fi mú un. Inú mi dùn sí i lọ́jọ́ tó sọ bẹ́ẹ̀ ju ọjọ́ tó gboyè àkọ́kọ́ lọ.

Apá kejì iṣẹ́ rẹ̀ wà lórí tábìlì mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Ìdì okùn funfun kan ni, ó dà bí ọwọ̀ kékeré tí wọ́n dì lórí dì nídìí. Okùn kọ̀ọ̀kan tín-ín-rín bí òwú ìránṣọ. Inú rẹ̀ ló ní ihò gbọọrọ, bí ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ, ara rẹ̀ sì ní àwọn ihò wẹ́wẹ́ mìíràn tí ojú lásán kò lè rí. Èyí ni wọ́n ń pè ní mẹ́ńbíréènì, awọ tín-ín-rín. Omi ámáìnì á gba inú okùn, èéfín á gba ẹ̀yìn rẹ̀, CO2 á yọ́ gba ara rẹ̀ wọlé. Asẹ́ ni mo pè é, àbúrò mi sì ní rárá: asẹ́ ń yan ohun tó kúnná kúrò nínú èyí tí kò kúnná, ṣùgbọ́n awọ yìí kò yan ẹnikẹ́ni. Gbogbo afẹ́fẹ́ inú èéfín ló lè dé ẹnu ihò rẹ̀. Omi tó wà nínú ló ń mọ ẹni tó máa gbà mọ́ra.

Kí ló wá dé tí omi kò jò síta? Mo kán omi kan sí i láàárọ̀ yìí. Ó dúró róbótó, ó ń yí gbirigbiri bí omi lórí ewé kókò, nígbà tí mo sì gbé ìdì náà sókè, ó já bọ́, okùn gbẹ táútáú. Ara okùn kórìíra omi bí ewé kókò ṣe kórìíra rẹ̀. Nítorí náà omi àti èéfín á máa rí ara wọn lẹ́nu ihò láìdàpọ̀, okùn tó pọ̀ tó inú ìkòkò kan sì lè fún wọn ní ibi ìpàdé tó fẹ̀ ju ti ilé gogoro Bottoms lọ, bí a bá fi ààyè kan náà wé ara wọn.

Ṣùgbọ́n ewé kókò tí a fi ọṣẹ fọ̀ lójoojúmọ́, ṣé kò ní gba omi láàyè bó pẹ́? Ámáìnì ń jẹ ara okùn díẹ̀díẹ̀ títí omi á fi wọ ihò náà. CO2 ń rìn nínú afẹ́fẹ́ ní nǹkan bí ìlọ́po 10,000 ju bó ṣe ń rìn nínú omi lọ, nítorí náà bí ihò bá ti kún fún omi, ọ̀nà ti di ẹrẹ̀. Bí sílíkà bá sì dì, ó lè di ihò pa. Nínú okùn yìí, kò sí ìfófó tí èérún máa fọ́. Alábàárù àti ijó nìkan ló kù. Ìdí nìyí tí títòrò fi ń dùn ún tó bẹ́ẹ̀: èérún tó ti rì kò lè ru ẹrù.

Ẹnìkan bi mí pé níbo la máa kó o sí tí a bá mú un tán. Bàbá wa ló kọ́kọ́ mú mi bẹ̀rù ìbéèrè yẹn. Ní oṣù Ògún 1986, ó gbọ́ lórí rédíò Hausa pé adágún Nyos ní Kamẹrúùnù pọ CO2 jáde lóru, ó sì pa èèyàn tó lé ní 1,700. CO2 wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, inú àfonífojì ló ń ṣàn sí. Mi ò gbàgbé rẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n abẹ́ òkun ní Sleipner ni Norway ti ń fi CO2 pamọ́ sí láti 1996, nǹkan bí mílíọ̀nù kan tọ́ọ̀nù lọ́dún ní àwọn ọdún àkọ́kọ́, nínú yanrìn tí òkúta líle bò lórí. Ó ṣeé ṣe, bí a bá yan ibi tó yẹ, tí a sì ń ṣọ́ ọ.

Nàìjíríà ṣèlérí níbi ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́ ní Glasgow ní 2021 pé tó bá fi máa di 2060, ohun tí a ń tú sáfẹ́fẹ́ kò ní ju ohun tí a ń mú padà lọ. Wọ́n fọwọ́ sí òfin ojú ọjọ́ lọ́dún kan náà níbí ní Abuja. Mo mọ̀ pé ìpín wa nínú CO2 àgbáyé kò tó ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún, mo sì gbọ́ àwọn tó ń sọ pé kí àwọn tó dáná gbé omi pa á. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ láti bínú. Síbẹ̀, ọjọ́ tí a bá fẹ́ gbé ẹ̀rọ sí ẹnu ihò símẹ́ǹtì tiwa, tí kò bá sí ọmọ wa kankan tó mọ bí omi inú rẹ̀ ṣe ń ṣe, owó la máa fi rà á, owó la máa fi tún un ṣe, títí ayé. Iná tí kò lọ fún wákàtí méjì ni àbúrò mi ń bẹ̀bẹ̀ fún. Kí ẹni tó ń pín owó ìwádìí gbọ́.

Láti ọjọ́ yẹn, ó ń fi àwòrán ìgò ránṣẹ́ láràárọ̀. Ó tún omi náà pò, ó yí bó ṣe kan tó padà, ó sì bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sọ ọ́ kí wọ́n jẹ́ kó lo bátìrì sólà fún ẹ̀rọ ìgbọ̀nmi. Ọjọ́ kìíní, ó funfun látòkè délẹ̀, irin fèrèsé kò hàn. Ọjọ́ kẹta, bẹ́ẹ̀ náà. Ọjọ́ kẹfà, mo rò pé mo rí ìlà tín-ín-rín kan nísàlẹ̀, àmọ́ òjìji ni. Òwúrọ̀ òní pé ọjọ́ kẹsàn-án. Kí n tó wọ bàtà tán ni Màámi ti na ọwọ́ láti inú yàrá.

"Ti òní ńkọ́? Gbé e wá kí n wò ó."